Ìdọ̀bálẹ̀ Ràímì ní Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Mi

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ ó ní àgbà ti ń dé sí obìnrin yìí, ó ti ń ro àlọ́ pọ̀ mọ́ ìrántí bí ẹni ń ro ọkà. Ṣùgbọ́n ojú mi méjèèjì ló ṣe: ìdọ̀bálẹ̀ ni bàbá tó bí mi lọ́mọ fi sọ ènìyàn sẹ́wọ̀n. Kò sẹ́ni tó bá ẹrù olè lọ́wọ́ ọkùnrin náà, kò sẹ́ni tó rí i níbi tó ti ń gbé e. Ó ṣáà dọ̀bálẹ̀ fún àgbà bí ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ, ìdọ̀bálẹ̀ ọ̀hún sì gbé e dé ọgbà ẹ̀wọ̀n n'Ìbàdàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń rẹ́rìn-ín, ẹ tètè rín in tẹ́rùn, torí tó bá ṣe díẹ̀ sí i, kò ní ṣe é rín mọ́.

Ọdún tí a fi páànù kan ilé wa ni mò ń sọ. Abúlé wa kò jìnnà sí Lálùpọn. Ẹni tó bá ń ti ibẹ̀ bọ̀, ẹ̀pà tó ń jẹ lójú ọ̀nà kò ní tíì tán lápò rẹ̀ tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ wa. Ilé koríko ni gbogbo wa ń gbé tẹ́lẹ̀, bàbá mi ló kọ́kọ́ fi owó oṣù rẹ̀ kan páànù, inú wa sì dùn títí di ọjọ́ tí òjò kọ́kọ́ rọ̀. Ariwo rẹ̀ pọ̀ débi pé ọwọ́ ni ìyá mi fi ń júwe iṣẹ́ fún wa bí ẹni ń bá adití sọ̀rọ̀. Láàárọ̀, ìpè àdúrà ni yóò kọ́kọ́ dún láti agboolé àwọn Ràímì, agogo ṣọ́ọ̀ṣì yóò sì dá a lóhùn láti ìhà tiwa. Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, a ní Ọlọ́run kan ṣoṣo náà ni wọ́n jọ ń pè, kí wọ́n rọra, kì í ṣe pé Ó sùn. Lẹ́yìn ìyẹn la ó gbọ́ odó, la ó gbọ́ ewúrẹ́, la ó gbọ́ ìyá mi tó ń bi afẹ́fẹ́ pé ta ló fi ìkòkò ọbẹ̀ sílẹ̀ láìdé. Iṣẹ́ tèmi ni kí n gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí n sì fi aṣọ tútù nu àga gbọọrọ tó wà níbẹ̀ látòkè délẹ̀.

Àga yẹn lẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ dáadáa, torí òun gan-an ni ilé wa. Igi ńlá kan tí wọ́n ń pè ní apá ni ìjì wó lójú ọ̀nà odò, gbogbo abúlé pawọ́ pọ̀ là á, wọ́n sì gbé e wá fún bàbá mi pé kí àwọn oníjà lè rí ibi jókòó sí. Olùpẹjọ́ fún ìjọba ni bàbá mi ní kóòtù ìbílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá rú òfin, òun ni yóò dìde níwájú àwọn olóyè tó ń dájọ́, yóò rò fún wọn ohun tí onítọ̀hún ṣe, yóò pe ẹlẹ́rìí, yóò sì bi ẹlẹ́ṣẹ̀ ní ìbéèrè títí òógùn yóò fi bò ó. Bàbá Kóòtù ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí kóòtù gan-an wà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ni. Ó ní ọ̀nà tó ń gbà pín ẹ̀ṣẹ̀, ó sì kọ́ wa nílé bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní á-bí-dí: ẹjọ́ ewúrẹ́ wà, ẹjọ́ ẹnu wà, ẹjọ́ ọwọ́ wà, ẹjọ́ ẹ̀jẹ̀ sì wà. Ti ewúrẹ́ ni ẹran tó wọ oko olóko. Ti ẹnu ni èébú àti òfófó. Orí àga ni méjèèjì yìí ń parí sí. Ti ọwọ́ ni olè jíjà àti ìjà. Yóò wo ẹni tó ṣe é ná, bó bá jẹ́ pé ọwọ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣìnà ni, orí àga, bó bá jẹ́ pé ó ti mọ́ ọn lára, kóòtù. Ti ẹ̀jẹ̀ kì í tilẹ̀ jókòó. Ìbàdàn ni yóò fi wọ́n ránṣẹ́ sí lójú ẹsẹ̀. "Ẹ̀jẹ̀ ò gbọdọ̀ kan àga mi," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí, èmi tí mò ń nu àga sì máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọkàn mi.

Lọ́jọ́ Ẹtì, bí wọ́n bá kírun tán, yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Lọ́jọ́ Ìsinmi, bí a bá ṣe ìsìn tán, yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ níbi méjèèjì: "Bẹ́ ẹ bá mú olè, ẹ má lù ú. Ẹ mú un tọ̀ mí wá. Ẹni tẹ́ ẹ bá lù pa, ẹ̀yin lẹ ti di ẹlẹ́jọ́ ẹ̀jẹ̀ yẹn." Wọ́n sì ń gbọ́ tirẹ̀. Mo ti rí i tí wọ́n mú ọkùnrin kan wá pẹ̀lú adìyẹ tó jí ní abíyá rẹ̀, wọ́n mú un lọ́wọ́ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń mú àlejò wọlé, adìyẹ nìkan ló ń ké.

Bí wọ́n bá ti dé, bàbá mi yóò mú ẹni tó fẹjọ́ sùn àti ẹni tí wọ́n fẹjọ́ rẹ̀ sùn, yóò fi wọ́n jókòó pọ̀ lórí àga náà, orúnkún kan orúnkún. Ìyá mi yóò gbé iṣu sísè àti epo wá nínú abọ́ kan ṣoṣo. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ títí wọn yóò fi jẹ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, èyí tó kéré lọ́jọ́ orí yóò dìde, yóò dọ̀bálẹ̀ fún èyí tó dàgbà, yóò ní kí ó má bínú. Ìgbà yẹn gan-an ni ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹni tí wọ́n ní kó dọ̀bálẹ̀ bá ní òun ò jẹ̀bi kẹ̀, bàbá mi a dá a lóhùn pé, "Ta ló ní o jẹ̀bi? Etí ẹ̀gbọ́n rẹ ló gbóná, tú omi sí i. Etí tó gbóná kì í gbọ́ òótọ́." Ìgbà mìíràn, ẹni tó dọ̀bálẹ̀ yìí náà ni yóò jàre. Ìyá Àgbà ní ìdí tí ọ̀nà yìí fi dára ni pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n a máa ń ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ bọ̀ ká lọ sí oko papọ̀.

Ràímì wá ńkọ́? Akọpẹ ni, ọmọ ọ̀rẹ́ bàbá mi tó ti kú. Ọwọ́ bàbá mi ló dàgbà sí, Ẹ̀gbọ́n ló sì ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agboolé wọn ló ń sùn. Bó bá ń ti oko bọ̀, igbà tó fi ń gun ọ̀pẹ á wà lórí èjìká rẹ̀ bí ejò tí wọ́n ti kọ́ ní ìwà rere, yóò sì dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. "Ìyàwó mi, ṣé o ti pọnmi ọkọ rẹ?" Èmi yóò ní, "Ẹ lọ bá ìyàwó yín nílé." Yóò ní, "Ìyàwó ilé ti bímọ, kò ráyè tèmi mọ́. Ìwọ ló kù." Òótọ́ ni, ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ọkùnrin lọ́dún yẹn, a ti jẹ sàráà ìsọmọlórúkọ rẹ̀, ìyá mi ló bá wọn se ẹ̀wà. Ràímì ń kọ ọ̀pẹ fún ẹnikẹ́ni tó bá bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀, títí kan ọkùnrin olówó kan tó wà ní ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ nígbà náà, tí a ń pè ní Káńsílọ̀. Káńsílọ̀ yìí ni kì í rẹ́rìn-ín àfi bó bá rí fọ́tò ara rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Káńsílọ̀ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, ó di Ràímì mú lọ́rùn ẹ̀wù. Ó ní ìdì ẹyìn tí Ràímì bá òun kọ, tí òun kó jọ sí ẹ̀bá ọ̀nà oko, ti pòórá. Bẹ́ẹ̀ òun so ààlè sí i: àjákù bàtà àti ìgbálẹ̀ tó ti gbó. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tẹ́ ẹ ń ti ilẹ̀kùn onírin, ààlè ni kọ́kọ́rọ́ tiwa. Bí o bá ti so àjákù nǹkan sórí ẹrù rẹ, o ti sọ fún ayé pé ó lólúwa, ẹni tó bá fọwọ́ kàn án lẹ́yìn ìyẹn ti fi orúkọ ara rẹ̀ ṣeré. "Ta ló mọ ibi tó wà bí kò ṣe ẹni tó kọ ọ́?" Káńsílọ̀ ló ń bèèrè bẹ́ẹ̀.

Ẹjọ́ kékeré ni ìyẹn ì bá jẹ́. Ṣùgbọ́n àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni ọ̀gá bàbá mi láti Ìbàdàn yàn láti wá wo bí iṣẹ́ ti ń lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, kò tíì pẹ́ tó ti òkè òkun dé, ìbọ̀sẹ̀ funfun rẹ̀ gùn dé orúnkún, ó sì ń rìn lórí ilẹ̀ wa bí ẹni pé yóò jẹ ẹ́ ní gbèsè bó bá tẹ̀ ẹ́ jù. Bàbá mi fún un ní àga onírọ̀rí. Ó bá ẹjọ́ lọ bó ti máa ń ṣe é, nítorí kò rò pé ohun tó ń ṣe yẹ ní fífi pamọ́.

Ọ̀gá ní, "Bàbá, kí làwọn méjèèjì yẹn ń ṣe lórí àga kan?"

"Iṣu ni wọ́n ń jẹ, sà."

"Ẹni tó fẹ̀sùn kan ènìyàn, àti ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn?"

"Nínú abọ́ kan náà, sà. Ọwọ́ tó bá ti pàdé nínú abọ́, ó máa ń ṣòro kó gbá ara rẹ̀ létí."

Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. Bàbá mi wá kọjú sí Ràímì. "Ràímì, bẹ àgbà ká tó sọ̀rọ̀." Ràímì dìde, ó nà gbalaja sórí ilẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá, ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá Káńsílọ̀. Ẹ dárí jì mí, ọmọ yín ni mí." Lẹ́yìn náà ló dìde, ó gbọn eruku àyà rẹ̀ nù, ó ní, "Àmọ́ n ò mú ẹyìn yín o. Ààlè tẹ́ ẹ so, mo rí i, ọ̀nà ẹ̀yìn ni mo gbà kọjá kí n má bàa súnmọ́ ọn."

Ohùn Ọ̀gá rọlẹ̀ bíi ti ẹni tó rí owó he. "Bí kò bá mú un, kí ló ń tọrọ àforíjì fún?"

Ìyá Àgbà, tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú nígbà yẹn ṣùgbọ́n tí etí rẹ̀ ṣì mú, ló dáhùn láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná: "Ọmọ mi, ìyá tìrẹ ò kọ́ ẹ ní ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀ ni?" Ó kọ́ ọ, Ìyá, ó kọ́ ọ dáadáa. Ohun tó ń bí mi nínú títí dòní nìyẹn. Ká ní òyìnbó ni, mà á ní kò mọ̀. Ọmọ Yorùbá tó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá tirẹ̀ kó tó wọ mọ́tò láàárọ̀ ọjọ́ náà ni. Ó mọ̀, ó kàn bọ́ ìmọ̀ ọ̀hún sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí ènìyàn ti ń bọ́ bàtà ni. Ó ní òfin ò mọ àga, òfin ò mọ iṣu. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, gbogbo ẹjọ́, ìbáà ṣe ti ewúrẹ́, kóòtù ni yóò máa lọ, àti pé ti Ràímì yìí ni wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ ó rò ó, Bàbá. Ẹ ti gbọ́ ìjẹ́wọ́ rẹ̀ létí ara yín. Bí kò bá sì ṣe é rò fún yín, ẹ sọ, ká wá ẹlòmíràn síbi iṣẹ́ yín."

Bàbá mi wo òkè páànù. Mo rò nígbà náà pé òjò ló ń wò. Ó ní, "Ó ṣe é rò, sà."

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ náà, Ìyá Àgbà ní òun ń lọ sí kóòtù. Ìyá mi ní, "Màmá, kí lẹ fẹ́ fojú rí níbẹ̀?" Ó ní, "Ojú ọmọ rẹ ni n ó fi rí i." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ojú Ìyá Àgbà. Kóòtù náà kò ní ògiri tó kọjá ìgbáròkó àgbà, a sì jókòó sórí ìpìlẹ̀ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó Ràímì tó pọn ọmọ. Bí wọ́n bá ti ṣe nǹkan kan, Ìyá Àgbà a fi ìgbọ̀nwọ́ gbún mi.

"Ta ló dìde yẹn?"

"Bàbá mi ni, Ìyá."

"Ràímì ńkọ́?"

"Ó ti dọ̀bálẹ̀ fún àwọn olóyè."

"Háà. Sọ fún un kó dìde kíákíá."

Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún un? Bàbá mi ti súnmọ́ ọn. Ohùn tó fi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, n kò gbọ́ irú rẹ̀ nílé rí, ó gbẹ bí awọ tí wọ́n sá sóòrùn.

"Lọ́jọ́ tí Káńsílọ̀ mú ọ wá, ṣé o dọ̀bálẹ̀ àbí o ò dọ̀bálẹ̀?"

"Mo dọ̀bálẹ̀, Ẹ̀gbọ́n."

"Ṣé o ní kó dárí jì ọ́ àbí o ò wí bẹ́ẹ̀?"

"Mo wí bẹ́ẹ̀. Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n bẹ àgbà, Ẹ̀gbọ́n. Inú ilé yín kọ́ ni?"

"Ìbéèrè tí mo bi ọ́ ni kí o dáhùn."

Ràímì wò ó títí. Kò wò ó bí ẹni tí inú ń bí. Bí ìgbà tí ènìyàn bá sọnù ní ọjà tó wá rí ojú tó mọ̀, tí ojú náà sì kọjá lára rẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ló wò ó. Ó ní, "Mo dọ̀bálẹ̀, sà." Ìyá Àgbà kò bi mí léèrè mọ́. Etí tirẹ̀ ti rí i tán: ọmọ tí a tọ́ nílé wa ti pe bàbá mi ní sà. Olóyè tó jókòó láàárín ní ẹni tí kò bá ṣe nǹkan kan kì í bẹ̀bẹ̀. Olóyè yìí kan náà, nígbà tí Ọ̀gá wọlé láàárọ̀, ó tẹrí ba fún un débi pé fìlà rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, n kò sì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bi í pé kí ló jí. Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ni wọ́n dá fún Ràímì. Ìyàwó rẹ̀ kò sunkún. Ó tú ọmọ sílẹ̀ lẹ́yìn, ó gbé e sókè kí bàbá rẹ̀ lè rí i, ó sì tún un pọ̀n.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, a ń gún iyán tí kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ ẹ́, ìyáálé Káńsílọ̀ ló dé pẹ̀lú kèǹgbè epo tuntun lórí. Ó ti wà ní ẹkù létí odò láti ọjọ́ tó pẹ́, níbi tí àwọn obìnrin ti ń ṣe epo pupa, tí wọ́n ń sùn síbẹ̀ títí epo yóò fi jinná, ìròyìn ẹjọ́ kò sì tíì kàn án níbẹ̀. Ó máa ń fún Ìyá Àgbà nínú epo rẹ̀ bó bá ti ń bọ̀. Ìyá Àgbà fi ìka kan tọ́ ọ wò.

"Epo yìí dára. Ẹyìn ibo ni?"

"Èyí tí bàbá àwọn ọmọ kó jọ sí ẹ̀bá ọ̀nà ni, Màmá. Ó ń jẹrà lọ níbẹ̀, èmi àtiẹ̀ ò sì bára wa sọ̀rọ̀ nígbà náà, mo bá ní kí àwọn ọmọ bá mi rù ú."

"Ṣebí ó so ààlè sí i?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ààlè ọkọ mi? Ṣé ó máa mú mi ni?"

Ọmọ odó dúró sókè lọ́wọ́ ìyá mi. Bàbá mi wà lórí àga gbọọrọ lọ́dẹ̀dẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló gbọ́. Ààlè kì í mú onílé, kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní láti kọ́ bàbá mi ní ìyẹn. Ká ní wọ́n jẹ́ kí Ràímì àti Káńsílọ̀ jẹ iṣu wọn tán lórí àga náà ni, ohun àkọ́kọ́ tí bàbá mi ì bá bèèrè ni pé, "Káńsílọ̀, ṣé o ti bi àwọn ará ilé rẹ?" Ohun tó máa ń bèèrè nìyẹn nígbà gbogbo. Kóòtù kò bèèrè rẹ̀. Ìyá Àgbà wọ́ lọ bá a, ó ní, "Àjàní, kí lo fẹ́ ṣe?" Bàbá mi ní, "Bílẹ̀ bá mọ́, n ó lọ sí Ìbàdàn." Ìyá Àgbà ní, "Kí o lọ sọ kí ni?"

Ó lọ lóòótọ́. Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ọ́ níhìn-ín kí n lè padà síbi tó ń dùn mí. Ọ̀gá sọ fún un pé ìdájọ́ kóòtù kì í ṣe àkàrà téèyàn ń yí padà nínú epo, pé Ràímì lè kọ̀wé pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn bó bá fẹ́. Ràímì kò mọ̀wé kọ. Ó lo oṣù mẹ́fà rẹ̀ pé, ó dé, ó kó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ lọ sí ìhà Ìjàyè lọ dáko, kò sì gba ẹnu ọ̀nà wa kọjá. Káńsílọ̀ kò bẹ ẹnikẹ́ni. Àga náà ṣì wà. Mo ń jókòó lé e nígbà tí mo bá lọ sílé, èmi nìkan ni mo máa ń wà lórí rẹ̀, ó sì gùn jù fún mi.

Àmọ́ àárọ̀ ọjọ́ kejì yẹn. Bàbá mi wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, èmi ru àpò rẹ̀, a ń lọ sí ibi tí bọ́lẹ́kájà ti ń gbé èrò lọ sí Ìbàdàn. Ìpè àdúrà ti dún, agogo ti dún, ìròyìn epo náà sì ti yí abúlé po kí oòrùn tó yọ. Lábẹ́ igi odán, àwọn akọpẹ ẹgbẹ́ Ràímì dúró pẹ̀lú igbà wọn léjìká. Ní gbogbo àárọ̀ ayé mi, bí bàbá mi bá ti yọ, ilẹ̀ ni wọ́n máa ń wà: àwọn ọkùnrin gbọọrọ gbọọrọ yìí a dọ̀bálẹ̀ bí ìgbà tí atẹ́gùn bá fẹ́ lu ọkà bàbà, àwọn obìnrin a kúnlẹ̀ ti igbá wọn, òun náà a gbọ́wọ́ sókè, a ní, "Ẹ dìde, ẹ dìde, Ọlọ́run á gbé yín dìde." Lọ́jọ́ yẹn, a yọ, kò sẹ́ni tó mira. Wọ́n dúró gbọnin bí ọ̀pẹ tí wọ́n ń kọ. Ọ̀kan nínú wọn, tí bàbá mi bá parí ìjà òun àti àbúrò rẹ̀ lórí àga wa lẹ́nu ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn, ló sọ̀rọ̀, kò sì gbé ohùn sókè.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá Kóòtù. A ò dọ̀bálẹ̀ o. A ò tíì jí nǹkan kan."

Ọwọ́ bàbá mi ti gòkè kó tó gbọ́ ohun tí wọ́n wí. Ó ti mọ́ ọwọ́ náà lára. Ó wà lókè bẹ́ẹ̀, ẹnu rẹ̀ náà sì ti là. Mo gbọ́ tó ń sọ ọ́ fún àwọn ènìyàn tó wà lóòró gangan níwájú rẹ̀, ohùn rẹ̀ ń kéré sí i: "Ẹ dìde. Ẹ dìde o."